Ata Tí Tomása Yọ Kúrò Nínú Ọbẹ̀

Tomása ń gbé pẹ̀lú Kandẹlária, ìyá rẹ̀ àgbà, ní abúlé kan lórí òkè ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ẹ má rò pé àwa nìkan la mọ ata jẹ o! Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi ata jẹ máńgòrò, wọn a máa fi jẹ ọsàn, kódà wọn a máa bù ú sínú kòkó mímu. Tomása fẹ́ràn Ramíro, ọmọkùnrin kan láti abúlé ìsàlẹ̀ òkè, Ramíro náà kò sì rí ẹlòmíràn mọ́. Ó ku kí ìyá Ramíro wá tọrọ ọmọ.

Ní abúlé yẹn, ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, inú àwo ni. Ilé ìyàwó yóò se mólè, ìyẹn ọbẹ̀ ata gbígbẹ tí wọ́n yan, tí wọ́n sì lọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀pà, yánmọtí àti kòkó, wọn yóò sì dà á lé ẹran tòlótòló. Wọn kì í fún àlejò ní ṣíbí. Tòtíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, ni yóò fi máa bu ọbẹ̀. Bí ìyá ọkọ bá fi tòtíyà nu àwo mọ́ tónítóní, ó ti gba ìyàwó nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi tòtíyà bo ọbẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Hẹmẹlínda, ìyá Ramíro, ti wà lórí àìsàn fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kọ mímu lásán ni wọ́n ń fún un. Nígbà tí ọjọ́ ìtọrọ ku ọ̀la, Tomása lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà.

"Màámá àgbà, bí ata yìí bá ṣe ìyá Ramíro léṣe ńkọ́?"

"Ata wo?" ni Kandẹlária dáhùn. "Ẹni tó lè gun òkè wá jẹun, ṣé aláìsàn nìyẹn? Se ọbẹ̀ rẹ bó ṣe yẹ, jàre!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà lọ tu ìyẹ́ tòlótòló, Tomása ṣa gbogbo ata kúrò, ó ku ẹyọ kan péré. Ó wá da kòkó àti ṣúgà sí i dípò wọn. Àánú ló ṣe é, ẹ má bú u.

Ilẹ̀ mọ́, ariwo sọ. "Wọ́n ti dé! Wọ́n ti dé o!" Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Hẹmẹlínda fi gun òkè náà, ó ní òun kò gun ẹṣin ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó bu òkèlè kan, ó dúró. Ó bu èkejì, ó wo àwọn ènìyàn yíká.

"Ta ló se ọbẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dé tí kò ta?"

"Mo gbọ́ pé ara yín kò yá, mà, mo wá…"

"Áà! Ìwọ náà!" ni ìyá náà ké. "Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu bí ẹni tí wọ́n ti gbẹ́ sàréè dè. Mo jí lónìí, mo ní n ó jẹ ata nílé àna mi, kí gbogbo ayé rí i pé mo wà láàyè. O wá se oúnjẹ olókùnrùn fún mi!"

Ó gbé tòtíyà kan sókè, ó nà án sórí àwo.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́!" ni Ramíro kígbe.

Tomása ti kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀. Ìdí ọlọ ló kúnlẹ̀ sí. "Ẹ má tíì bò ó, mà!" Ó da ata gbígbẹ sórí àwo amọ̀ tó wà lórí iná, èéfín sọ, kíá ni gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí wọ́n ń sín. Kandẹlária ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Tomása ń lọ ata, omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀, kò dúró. Hẹmẹlínda ṣì na tòtíyà sókè.

"Mélòó lo lọ̀?"

"Mẹ́wàá, mà."

"Ṣé ahun ni ẹ́ ni? Fi kún un!"

Ó fi kún un, ó pò ó mọ́ ọbẹ̀, ó sì bù ú fún ìyá náà. Hẹmẹlínda jẹ ẹ́. Òógùn bo imú rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó fọwọ́ di àyà mú. Ramíro ta gìrì: "Omi! Ẹ gbé omi wá!"

Ìyá rẹ̀ ti omi náà dànù, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fọwọ́ kàn mí! Ara mi ti gbóná! Mo wà láyé o!" Ó fi tòtíyà nu àwo náà títí ó fi ń dán, ó sì fa Tomása mọ́ra. "Ọmọ mi, mo kàn ń mí lásán fún oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n òní ni mo tó jí."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà abúlé náà, bí àwọn àgbà tiwa, fi ń pa á lówe pé ẹ̀mí tí kò bá jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni.