Ẹ̀rọ Tí Mosúnmọ́lá Tún Ṣe Láìfọwọ́ Kàn Án

Mosúnmọ́lá ti kọ́ṣẹ́ parí nílé iṣẹ́ ìṣó, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Láòyè tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò fẹ́ kó gba fíríìdọ̀ọ̀mù kó lọ. Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ kan tó ti kú: “Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kí n tó gbàdúrà fún ọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kàn án!” Mosúnmọ́lá káwọ́ sẹ́yìn. “Ó dáa, sà. Bẹ́líìtì yìí ló le jù, ó yẹ ká tú u díẹ̀.” “Bẹ́líìtì tó ń já bọ́ yìí?” Ọ̀gá, tí kì í lè wo iṣẹ́ burúkú níran, fa sípánà yọ, ó fà á le pinpin. “Ẹ ṣé, sà. Ó ku ká bu omi síbi ọ́ìlì.” “Yéè! Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?” Ọ̀gá ti gbé ọ́ìlì, ó ń dà á, àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ má tàn án o, sà, yóò gbiná!” “Irọ́ ni!” Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ bú ramúramù, ìṣó ń tú jáde yàà. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀: “Ọwọ́ mi kò kàn án o, sà. Ẹ gbàdúrà fún mi.” Ọ̀gá wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó dúdú fún ọ́ìlì, ẹ̀rín pa á, ó gbé méjèèjì lé e lórí. Gèlè funfun tí Mosúnmọ́lá wé lọ́jọ́ náà, kò fọ̀ ọ́ títí dòní.