Ìdí Tí Ọwọ́ Fáàfù Katakata Fi Ń Padà sí Àárín

Nígbà láéláé, nígbà tí irin kò tíì ya odi, àwọn irinṣẹ́ oko a máa bá ara wọn jà, wọn a sì máa bá ènìyàn jà. Ọwọ́ fáàfù, irin tí a fi ń darí epo nínú katakata, kì í padà síbi kankan nígbà náà. Ibi tí o bá tì í sí ni yóò wà títí ìwọ náà yóò fi rántí rẹ̀. Fáàfù tó bá sì wù ú a ti ilẹ̀kùn àárín rẹ̀ pa gbọn-in gbọn-in, kò sí ẹni tí yóò bi í. Bí èyí ṣe yí padà ni mo fẹ́ sọ. Inú ti ń bí mi kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá yanjú gbogbo rẹ̀.

Ìyá Àjíun ló ni oko tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Opó ni, iṣu ló ń gbìn létí odò, ó sì ní katakata àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Lọ́dún tó ṣáájú, odò kún, ó kó ìdajì iṣu rẹ̀ lọ. Bí ó bá tún kó ti ọdún yìí, kò ní sí èbù tí yóò gbìn mọ́, oko náà yóò sì di igbó. Ló bá pinnu pé kí wọ́n mọ ògiri yẹ̀pẹ̀ sí etí odò kí òjò ńlá tó dé.

Katakata mọ bí wọ́n ṣe ń túlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lápá tí yóò fi bu yẹ̀pẹ̀. Ìyá Àjíun ránṣẹ́ pe Ògúnjìmí, mẹkáníìkì ìlú, pé kó bá òun so apá irin méjì àti ṣọ́bìrì ńlá mọ́ ọn níwájú.

Apá irin kì í dá gbéra. Epo ló ń gbé e. Pọ́ǹpù ni yóò ti Epo jáde láti inú àgbá, Epo a gba inú rọ́bà lọ sọ́dọ̀ Fáàfù, Fáàfù tó jẹ́ oníbodè ni yóò sì sọ fún un bóyá kó lọ gbé apá sókè tàbí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Katakata àgbà kò ní Fáàfù tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n ní láti wá ọ̀kan wọlé.

Àwọn irin ní àṣà kan nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kì í wọ agboolé ẹlòmíràn láìṣe ìwádìí, bí àwa náà ṣe ń ṣe é kí á tó fẹ́ ìyàwó. Sípánà ni alárinà wọn, torí kò sí ilé tí kò wọ̀ rí. Sípánà ní kí Ògúnjìmí fara balẹ̀, kí òun kọ́kọ́ bi Pọ́ǹpù léèrè irú ẹni tó lè bá a gbé. Ògúnjìmí fọwọ́ dà á nù. Ó ní ta ló ń bi arúgbó léèrè ọ̀rọ̀ nǹkan tuntun.

Ó gba ọjà irin lọ, ó sì mú Fáàfù tó ń dán jù níbẹ̀. Tìlẹ̀kùn ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé àwọn katakata tuntun ló ti wá. Ní ilé tiwọn, bí Fáàfù bá ti ilẹ̀kùn, Pọ́ǹpù ibẹ̀ a mọ̀, a sì sinmi. Kò sí ẹni tó sọ fún Tìlẹ̀kùn pé ti ibí yàtọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ kò mọ nǹkan kan, wọ́n kàn mú un wá ni.

Wọ́n dè é mọ́ ara katakata. Ògúnjìmí ta ẹ́ńjìnnì jí, ó ti ọwọ́ Fáàfù síwájú, apá irin sì gbé ṣọ́bìrì tó kún fún yẹ̀pẹ̀ sókè. Àwọn ará oko pàtẹ́wọ́. Ìyá Àjíun rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí odò ti kó iṣu rẹ̀. Ògúnjìmí wá fa ọwọ́ náà sí àárín kí apá lè dúró, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wo etí odò.

Ni Tìlẹ̀kùn bá ti ilẹ̀kùn. Epo dé ẹnu ọ̀nà, ó kànkùn.

"Ṣí fún mi, kí n padà sínú àgbá mi."

"Kò sẹ́ni tó pè ọ́," ni Tìlẹ̀kùn wí. "Ní ilé wa, ẹni tí a kò bá pè kì í yọjú."

Epo ní kì í ṣe òun ló wu òun láti yọjú, Pọ́ǹpù ló ń ti òun láti ẹ̀yìn. Tìlẹ̀kùn bá pàṣẹ fún Pọ́ǹpù pé kó dúró. Pọ́ǹpù ṣì ń ti Epo bó ṣe ń dáhùn.

"N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, dandan ni kí n máa ti Epo. Bí wọ́n ṣe rọ mí nìyẹn, ogójì ọdún rèé. Ta ló bi mí?"

Tìlẹ̀kùn ní òun kò lè torí arúgbó ba òfin ilé bàbá òun jẹ́. Epo ń pọ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ ń gbóná. Ó bú Fáàfù, Fáàfù bú u padà, Pọ́ǹpù bú àwọn méjèèjì. Rọ́bà tó wà láàárín wọn, tí kò bú ẹnikẹ́ni, òun ló ń wú. Ó wú, ó wú, ó sì bẹ́. Epo tú síta, ó fọ́n sórí ebè, ó ṣàn wọ inú poro. Apá irin dúró sókè pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́, kò lè gòkè, kò lè sọ̀.

Ògúnjìmí sáré dé, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìyá Àjíun wo epo tó bo ebè rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run tó ti ń ṣú. Ògúnjìmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé Fáàfù náà ni kò dáa.

"Panu mọ́," ni Ìyá Àjíun wí. "Ṣé o lè fa ọmọ rẹ fún ọkọ láìbéèrè bí ilé ọkọ ṣe rí? Sípánà kìlọ̀ fún ọ. Dídán lo wò, o kò wo ilé tó ń bọ̀. Fáàfù yìí kò ṣẹ̀ mí. Ìwọ lo ṣẹ̀ mí."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Mo ń bínú. Dìde, lọ béèrè."

Ojú ti Ògúnjìmí. Ó tẹ̀lé Sípánà lọ sọ́dọ̀ Pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù kọ́kọ́ bú u dáadáa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní Fáàfù tí òun lè bá gbé ni èyí tó ń ṣí àárín rẹ̀ sílẹ̀, kí Epo lè gba ibẹ̀ kọjá lọ sílé nígbà tí kò bá sí iṣẹ́. Ó parí. Gbólóhùn kan péré! Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti ṣìnà ná kó tó béèrè.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá irú Fáàfù bẹ́ẹ̀ káàkiri. Ilé iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ló ti padà rí ọ̀kan, Ṣílẹ̀kùn, àgbà Fáàfù tó ti dọ̀tí, tí Ògúnjìmí fi ń há ìdí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà tì í. Lọ́tẹ̀ yìí, Sípánà ṣe ìwádìí rẹ̀ pé pérépéré.

Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n de Ṣílẹ̀kùn mọ́bẹ̀, wọ́n da Epo mìíràn kún èyí tó ṣẹ́kù nínú àgbá. Epo ní òun kò jáde. Ẹ óò ní sùúrù ni baba ìwà. Ó dáa, ẹ lọ wí fún ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ tí wọ́n sì tún dà sínú poro.

Epo ní òun mọ̀ pé Ṣílẹ̀kùn kò ní ti àárín. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè ti ọwọ́ Fáàfù sápá kan, kó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, kó máa lọ jẹun. Bí apá irin bá wá gòkè dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ibo ni kí òun gbà? Òótọ́ ló sọ.

Sípíríǹgì, irin lílọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, tí wọn kì í kà kún ẹnikẹ́ni, ló dìde.

"Èmi yóò jókòó sẹ́yìn ọwọ́ náà. Ìgbà tí ènìyàn bá ti gbé ọwọ́ kúrò, màá fà á padà sí àárín. N kò ní sùn."

"Lọ́jọ́ tí o bá sùn," ni Epo wí, "màá tún mú kí rọ́bà bẹ́."

Wọ́n fi ẹnu kò síbẹ̀, Epo sì jáde. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni katakata fi ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ògiri yẹ̀pẹ̀ ga, ó gùn, ó ku apá ìsàlẹ̀ odò nìkan nígbà tí òjò dé. Odò kún. Ó kọlu ògiri, ògiri dúró. Ṣùgbọ́n ó gba ìsàlẹ̀ tí wọn kò tíì mọ, ó sì gbé ebè méjìdínlógún lọ. Ọjọ́ mẹ́ta tó ṣòfò ì bá tó mọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èbù ọdún tó ń bọ̀ kò run, oko náà kò sì di igbó, ṣùgbọ́n Ìyá Àjíun dúró nínú òjò, ó ń wo ibi tí ebè rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Ògúnjìmí mú Tìlẹ̀kùn lọ sílé katakata tuntun kan. Tìlẹ̀kùn rí Pọ́ǹpù tó ń sinmi níbẹ̀, wọ́n sì ń gbé pọ̀ láìjà.

Láti ọjọ́ náà ni Fáàfù katakata àgbà ti ń ṣí àárín rẹ̀ sílẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń já padà sí àárín gbàrà tí ènìyàn bá jù ú sílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí katakata àgbà tó dúró sójú kan, tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, àmọ́ tó ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn, Epo ló ń gba àárín Fáàfù kọjá lọ sílé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí i pé ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ béèrè.