Òkò Bámgbàlà Nínú Oko Ìrẹsì

Kò sí ọmọ ilé ìwé kan ní Òkè-Awò tó mọ kànnàkànnà fì bíi Bámgbàlà. Bó bá ti fì í yí orí lẹ́ẹ̀mẹta, tó tu okùn kan sílẹ̀, ẹyẹ ẹ̀ga ti já bọ́ nìyẹn. Òun ni Tíṣà Oyèbọ̀dé fi ṣe olórí àwọn tó ń ṣọ́ oko ìrẹsì ilé ìwé.

Lọ́dún náà, omi gbé ilé ìwé àwọn ará etídò lọ, àwọn ọmọ wọn sì wá ń gbé ilé ìwé Òkè-Awò. Ìrẹsì oko yìí ni wọn yóò máa jẹ títí di ìdánwò. Bí ẹyẹ bá jẹ ẹ́ tán, wọn yóò padà sílé láìṣe ìdánwò. Bámgbàlà kò fẹ́ràn wọn. Ó ní òórùn ẹja wọn kò jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí. Síbẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé oko run lójú òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀wọ́ ẹ̀ga bà sí apá ibi tí Omíyalé, ọmọ etídò kan, ti ń ṣọ́nà lórí pẹpẹ. Bámgbàlà pariwo láti orí pẹpẹ tirẹ̀:

"Ìwọ ẹlẹ́ja, ṣé àwọ̀n lo fẹ́ fi kó wọn ni? Sọ̀kò!"

"Rọra o, ọmọ onílẹ̀. Mò ń jẹ́ kí wọ́n kó ara wọn jọ ni. Nílé tiwa, ẹni tí inú ń bí kì í ju àwọ̀n. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń fi kó."

Àwọn ọmọ etídò bú sẹ́rìn-ín. Bámgbàlà sọ òkò kan, ó gba orí ẹyẹ kọjá. Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Ó fi òmíràn sí i, ṣùgbọ́n inú ti ń bí i, kò mọ ìgbà tó yẹ kó tu okùn mọ́. Òkò yà, ó bá Omíyalé níwájú orí, ọmọ náà sì ré bọ́ sílẹ̀.

"Wọ́n ti pa á o!" ni ọmọ etídò kan kígbe.

Kí a tó ṣẹ́jú, igi ti dé ọwọ́ tọ̀tún tòsì, àwọn ọmọ onílẹ̀ àti ọmọ etídò ń na ara wọn, wọ́n ń tẹ ìrẹsì mọ́lẹ̀. Bámgbàlà nìkan ló sáré lọ síbi tí Omíyalé wà. Ó bá a ní ìjókòó, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀.

"Fà mí dìde," ni Omíyalé wí. "Wo oko."

Ẹ̀ga ti bo ìrẹsì tó kù, wọ́n ń jẹun bí ẹni tí a pè síbi àsè. Omíyalé nu ẹ̀jẹ̀ ojú, ó fì kànnàkànnà rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó tu okùn. Ẹyẹ kan já bọ́, ìyókù fò lọ. Gbogbo igi bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníjà.

Tíṣà Oyèbọ̀dé ti sáré dé. "Bámgbàlà, ẹyẹ mélòó ni ìwọ pa lónìí?"

"Ẹyọ kan ò sí, sà. Èèyàn ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa." Ó dọ̀bálẹ̀ fún Omíyalé.

"Dìde jàre," ni Omíyalé wí. "Gun pẹpẹ mi, ẹyẹ ń padà bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, ọmọ onílẹ̀ kan àti ọmọ etídò kan ló ń wà lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ìrẹsì ló kù. Bámgbàlà ru iṣu wá látilé fi kún un, àwọn yòókù sì ṣe bíi tirẹ̀. Gbogbo wọn ló jókòó ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá ń jiyàn pé ìbínú kì í mú ọwọ́ tàsé, kó mú kànnàkànnà nígbà tí inú ń bí i, kó dán an wò. Ojú oko yẹn ni àwọn àgbà ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pẹ̀tù sí ọmọ tí inú ń bí, pé òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ.