Kúlà Làmídì

Nígbà tí Làmídì, akọ̀wé káńsù, gbọ́ pé ìjọba fún wọn ní ìsinmi ọjọ́ méjì fún ọdún ìtúnu ààwẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Àwọn àna rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rí oṣù. Lọ́jọ́ kejì ni ìlú bàbá rẹ̀ máa ń ṣọdún.

"Ẹran ilé àna lónìí, ẹran ilé bàbá lọ́la!"

Ó gbé kúlà tó lè gba odidi àgbò, ó wọ mọ́tò. Ló bá bá àwọn àna rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń gbààwẹ̀. Wọn ò rí oṣù!

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jókòó, ọ̀la ni tiwa."

Làmídì kọ̀, ó forí lé ilé bàbá rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló débẹ̀. Àwọn yẹn ti ṣọdún tán, wọ́n ń fọ ìkòkò. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó tún sáré padà. Mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà. Nígbà tí yóò fi dé, àwọn àna rẹ̀ ń tayín.

Ọ̀kan nínú wọn fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, ó ní, "Àlejò ti jẹ tiyín, Bàbá Mútíátù. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo."

Ìyá ìyàwó wo kúlà náà, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó bu omi tútù kún un fọ́fọ́.

"Ẹ gbà, ẹ má gbé e lófìfo relé."