Ajá Tí A Fi Wẹ́rẹ́ Wẹ̀

Ọdẹ́jìmí jẹ́ ọdẹ tí ó gbójú, ṣùgbọ́n ìtìjú kan ń bá a jà: eégbọn ara ajá rẹ̀, Tanímọ̀la. Nígbà tí ó kọ́kọ́ lọ kí àwọn òbí Àṣàbí, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣaya, ajá náà tẹ̀ lé e, ó nà gbalaja sórí ẹní ìyá ọmọ, eégbọn sì kù síbẹ̀. Àwọn àna kò bínú. Wọ́n kàn rán Ìyá Lápàdé, alárenà, sí i pé àwọn rí ẹran ọ̀sìn wẹ́wẹ́ tí ó kó wá, kí ó má kó òmíràn wá mọ́.

Nítorí náà, bí ọjọ́ ìdána ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọdẹ́jìmí pinnu pé eégbọn kan kò ní bá òun lọ. Ní ìlú àwọn àna rẹ̀, ààyè ẹja àrọ̀ ni a fi ń tọrọ ìyàwó. Bí ọ̀kan bá kú, ọkọ yóò padà sílé títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ó ti kó tirẹ̀ sínú adágún-ọ̀sìn kékeré kan tí ó gbẹ́ sẹ́yìn ilé.

Ó já ewé wẹ́rẹ́, apakòkòrò tí àwọn apẹja pẹ̀lú máa ń gún dà sódò kí òòyì lè kọ́ ẹja. Ó gún un, ó pò ó mọ́ omi, ó sì fi wẹ ajá láti orí dé ìrù. Eégbọn ń já bọ́ bí èso ìyeyè. Inú rẹ̀ dùn, ó tú okùn ọrùn ajá. Oòrùn mú, oògùn sì ń ta ajá lára. Kí Ọdẹ́jìmí tó nawọ́, Tanímọ̀la ti bẹ́ sínú adágún, ó ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹja ìdána fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ikùn funfun sókè.

Ibẹ̀ ni Ìyá Lápàdé bá a, tí ó káwọ́ lérí. Alárenà wo ajá, ó wo omi, ó gbóòórùn wẹ́rẹ́; ọ̀rọ̀ náà yé e.

“Ọkọ wa, eégbọn ni wọ́n ní kí o má mú wá,” ni ó wí. “Ta ni ó ní kí o fi ẹja kún un?”

“Ìyá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ bá mi sọ fún Àṣàbí pé kí ó má retí mi mọ́.”

“N kò ní jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òòyì ni ó ń kọ́ wọn, wọn kò tíì kú. Gbé agbọ̀n, kí á lọ sí odò tí ń ṣàn.”

Wọ́n kó àwọn ẹja náà sínú agbọ̀n, wọ́n rì í sínú ìṣàn odò, kí omi tuntun lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ọdẹ́jìmí kúnlẹ̀ tì í. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà irùngbọ̀n ọ̀kan gbọ̀n. Òmíràn la ẹnu. Títí èyí tí ó kẹ́yìn fi na ìrù gbá ọwọ́ ọdẹ. Ọdẹ́jìmí jókòó sínú omi tòun taṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Wọ́n fa Àṣàbí lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí a dá. Nígbà tí bàbá ìyàwó béèrè ajá tí ó ń mú àlejò wá, alárenà ròyìn pé wọ́n ti fi okùn dè é mọ́lẹ̀ nílé, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rín pa agboolé. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: ẹni tí ó fi wẹ́rẹ́ wẹ ajá kì í tú u sílẹ̀ létí adágún ẹja.