Awọnlẹ̀ Tó Gbàgbé Orúkọ Ara Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń ṣe iṣẹ́ awọnlẹ̀. Bí ènìyàn bá ra ilẹ̀, òun ni wọ́n ń pè kó wá wọ̀n ọ́n, kó ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, kó sì ya àwòrán rẹ̀. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ gan-an. Bí igbó ti wù kó bo òkúta ààlà mọ́lẹ̀ tó, yóò wá a rí.

Ohun tó ń dà á láàmú ni páswọ́ọ̀dù. Ìwọ náà mọ bí ayé ti rí báyìí. Báńkì ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀ nínú fóònù, ímeèlì ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ iná ní tirẹ̀, ibi tí àwọn awọnlẹ̀ ń fi àwòrán ilẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ní tirẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan jọ ti èkejì. Wọ́n á ní o ò gbọdọ̀ lo ọjọ́ ìbí rẹ. Wọ́n á ní o ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí wá ni kéèyàn ṣe? Awọnlẹ̀ rò ó títí, ó sì dá ọgbọ́n kan.

Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ẹbí yí abọ́ omi ká bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ á ju kọ́bọ̀ sínú omi, á sì sọ èyí tó mú wá. Bàbá rẹ̀ pè é ní Oyèékúnlé. Bàbá ìyá rẹ̀ pè é ní Ọláníhùn. Àbúrò bàbá rẹ̀ pè é ní Àjíbóyè. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ìgbájọ, ju kọ́bọ̀ tirẹ̀ náà, ó sì sọ orúkọ kan tí òun nìkan ń pè láti ọjọ́ náà lọ.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí ni awọnlẹ̀ pín fún àwọn ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó fi ti bàbá rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn báńkì. Ó fi ti bàbá ìyá rẹ̀ ti ibi àwòrán ilẹ̀. Ó fi ti àbúrò bàbá rẹ̀ ti ilé iṣẹ́ iná. Ímeèlì ló kọ́kọ́ ṣí nínú gbogbo wọn, nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, orúkọ tí Ìyá Ìgbájọ ń pè é ló sì fi tì í. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Ó ní, "Olè wo ló jókòó níbi ìkómọ mi?"

Ọgbọ́n gidi ni, mi ò bú u. Ibi tó ti ṣìṣe ni pé kò tún pe àwọn orúkọ náà mọ́. Fóònù ló ń bá a rántí. Bó bá ti fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn báyìí, fóònù á ti sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ, ìlẹ̀kùn á ṣí. Àwọn ènìyàn náà kò sì pè é lórúkọ mọ́. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Sàvéyọ̀, àwọn ọmọ ń pè é ní Dádì, ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní Bàbá wọn. Orúkọ tí a kò pè, bópẹ́ bóyá, ahọ́n á ṣe bí ẹni pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìyá Ìgbájọ ránṣẹ́ pè é, ó tún ránṣẹ́ pè é. Ó rán ẹni tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n bá òun kí i, òun fẹ́ rí i. Awọnlẹ̀ ní òun ń bọ̀. Nígbà òjò, ó ní ọ̀nà kò dára. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ń pọ̀, torí pé inú igbó ń gbẹ. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá náà o, kò ya ahun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò fi ránṣẹ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, ó ń wọn ilẹ̀ kan létí odò, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó sínú ẹrẹ̀. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n nù ún, wọ́n sá a sóòrùn. Ó ti kú. Kò banú jẹ́ púpọ̀, ó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n fóònù tuntun kò mọ ẹnì kankan. Gbogbo ìlẹ̀kùn tó bá kàn ní í béèrè páswọ́ọ̀dù. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀, báńkì ṣí. Ó kọ ti bàbá ìyá rẹ̀, ibi àwòrán ilẹ̀ ṣí. Nígbà tó kan ímeèlì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó mọ̀ pé orúkọ tí Ìyá Ìgbájọ sọ òun ni. Kí ni orúkọ ọ̀hún, kò rántí. Ó gbìyànjú ọ̀kan, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbìyànjú òmíràn, wọ́n ní bó bá tún ṣì í, àwọn á ti ìlẹ̀kùn pa pátápátá.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣebí wọ́n máa ń béèrè bóyá èèyàn ti gbàgbé ni? Tẹ ibẹ̀ ná, Bàbá wọn."

Ó tẹ ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí láìnì fóònù tó fi ṣí i. Láìnì ọ̀hún, ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ ló ti sọ ọ́ nù. Ta ló ń lò ó báyìí? Ọlọ́run ló yé.

Ọ̀rọ̀ náà kì bá tó nǹkan, bí kì í bá ṣe ti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ yìí fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ó ti ṣe ìdánwò, ó pàdánù, ó tún ṣe é, ó tún pàdánù. Èyí tó ṣe gbẹ̀yìn ló yege. Ímeèlì bàbá rẹ̀ ló sì fi forúkọ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbẹ̀: inú lẹ́tà yẹn ni yóò ti tẹ ibi tó máa fi gbà pé òun ń bọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fún ẹlòmíràn láyè rẹ̀. Wọ́n pe ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní inú lẹ́tà ni, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ọmọ náà kò bú bàbá rẹ̀. Ó kàn wọlé lọ, ó fojú kọ ògiri. Èyí ló dun awọnlẹ̀ jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní Òṣogbo.

Àgbàlagbà náà gbé fóònù. Ó ní, "Háà, Oyèékúnlé! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Ẹ káàárọ̀, sà. Orúkọ tí Ìyá Ìgbájọ sọ mí ni mo fẹ́ mọ̀."

Ẹ̀rín pa bàbá náà, ó rẹ́rìn-ín tán. Ó ní, "Èmi ni mo sọ ọ́ ní Àjíbóyè. Tìyá yẹn, òun nìkan ló ń pè é, a kì í bá a dá sí i. Kì í gbé fóònù mọ́. Gbéra kí o lọ bá a."

Ẹsẹ̀ tí kò ráyè láti ọjọ́ yìí wá, ó ráyè lọ́jọ́ náà. Awọnlẹ̀ wọ mọ́tò rẹ̀, ó gba Ìwó, ó gba Òṣogbo, ó gba Ìkirun, ó gun òkè dé Ìgbájọ. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Ìyá náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí òkúta. Obìnrin ilé kejì, ẹni tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó rí awọnlẹ̀, ó kí i, ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Awọnlẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá náà ní, "Dìde, dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. O kú ìrìn. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Èmi ni, Ìyá. Oyèékúnlé ni."

Ìyá náà wò ó. Ó mi orí. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ọláníhùn ńkọ́, Ìyá? Àjíbóyè? Ọmọ àbúrò yín tó wà ní Ìbàdàn."

"Má bínú, ọmọ mi. Mi ò mọ èyíkéyìí níbẹ̀."

Bó ṣe ń sọ wọ́n náà ló ń kùnà, gẹ́gẹ́ bí fóònù ti ń dá a lóhùn. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé láti ọdún tó kọjá ni ìyá kò ti mọ ojú mọ́. Awọnlẹ̀ wo oòrùn, ó ronú kan ọmọ tó fojú kọ ògiri nílé.

Ìyá náà kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àlejò dé bá a, ó fẹ́ bá àlejò sọ̀rọ̀. Ó bu ẹ̀kùrọ́ fún un. Ó ní, "Ìbàdàn lo ti wá, àbí? Mo lọ́mọ kan níbẹ̀. Ilẹ̀ ló máa ń wọ̀n. Kì í wá. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ o, iṣẹ́ ni."

Awọnlẹ̀ ní, "Kí ni orúkọ ọmọ náà, Ìyá?"

Ojú ìyá náà tàn. "Rẹ̀mílẹ́kún ni. Mo bí tèmi, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹkún ni mò ń sun títí tí ìyàwó àbúrò mi fi bí i. Wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ẹkún dá. Bó o bá padà dé Ìbàdàn, tó o rí i, sọ fún un pé kó máa jẹun kó tó wọ inú igbó. Ó máa ń gbàgbé oúnjẹ."

Awọnlẹ̀ kọ orúkọ náà sínú fóònù. Ìlẹ̀kùn ṣí. Lẹ́tà ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀, wọ́n sì dáhùn pé àwọn ti gbọ́. Ó pe ilé. Ariwo ayọ̀ ọmọ náà pọ̀ débi pé ìyá náà gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó fà á.

Nígbà náà ni awọnlẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó ní, "Ìyá, ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni. Èmi ni Rẹ̀mílẹ́kún."

Ìyá náà wo ewú orí rẹ̀, ó wo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó ní, "Rárá o, bàbá. Ọmọdé ni ọmọ tèmi. Ẹ má fi í ṣe mí yẹ̀yẹ́."

Awọnlẹ̀ sunkún nínú mọ́tò rẹ̀ títí ó fi dé Ìkirun.

Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí oṣù kan kọjá láìdé Ìgbájọ. Kò sọ ẹni tó jẹ́ mọ́. Ó kàn ń dọ̀bálẹ̀, ìyá náà a sì béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó máa ń sọ pé òun rí Rẹ̀mílẹ́kún ní Ìbàdàn, pé òun ti jíṣẹ́ tí ìyá rán òun. Inú ìyá a dùn. A ní, "Kí ló wí?" Awọnlẹ̀ a ní, "Ó ní òun ń bọ̀, Ìyá." Ìyá náà a sì tẹjú mọ́ ojú ọ̀nà.

Ìwọ tó jókòó síwájú mi yìí, láti àárọ̀ lo ti ń bá mi sọ ọ́ pé páswọ́ọ̀dù pọ̀ jù fún ọ, pé orí rẹ kò gbà á mọ́. Mo gbọ́. Èyí tó bá wúlò, máa fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má bàa ṣàjèjì sí ọ, kí o sì yí láìnì fóònù ibẹ̀ sí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn kò le. Bí o bá tilẹ̀ gbàgbé, ẹ̀rọ á bi ọ́ bóyá o ti gbàgbé, á sì fún ọ láyè kí o tún un ṣe. Ojú arúgbó kì í fún ni láyè bẹ́ẹ̀. Bó bá ti tì, o lè pe gbogbo orúkọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní í ṣí.

Ẹni tó ju kọ́bọ̀ sínú omi nítorí tìrẹ, o mọ ilé rẹ̀. Àná ni mo rí i, ó ṣì mọ̀ mí. Ó béèrè rẹ. Dìde, ilẹ̀ kò tíì ṣú.