Ẹṣin Tí Kò Kúrò Lójú Kan

Àlọ́ ọ!

Àlọ̀!

Ẹ ò dáhùn dáadáa. Ìbídùn, sọ fóònù yẹn kalẹ̀, kò ní sá lọ. Àlọ́ ọ!

Àlọ̀ ọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Kí ló ń sáré lójú agbo, tó délé ẹni tó rà á tán, tó yarọ?

Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Àlọ́ mi ta gìrì, ó fo ọgbà, ó lọ bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbi tó ti ń yọjú wo àká iṣu oníṣu.

Ní ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú ní ìlú àwọn ẹranko. Iṣẹ́ oko ti tán, iṣu ti wọ àká, òjò kò sì tíì múra àtirọ̀. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Géèmù ni wọ́n ń ta lórí fóònù. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo wọn a dorí kodò sórí fóònù bí ẹni pé nǹkan wọn bọ́ sínú rẹ̀. Ẹkùn ń ta géèmù. Ìgbín ń ta géèmù. Kìnìún tó jẹ́ ọba pàápàá máa ń yọ́ ta tirẹ̀ lábẹ́ agbádá bí ẹjọ́ bá ti ń gùn jù.

Ìjàpá nìkan ni kò ní iṣu lọ́dún yẹn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Nígbà tí wọ́n ń wa iṣu, ẹ̀yìn náà ò tíì san.

Ṣùgbọ́n ó mọ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí, orí igi ọsàn ló ń gbé, òun ló sì mọ iṣẹ́ géèmù jù lọ nílùú. Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tó ti ń ṣe ọ̀kan tó pè ní Ẹṣin Ìjì. Ẹni tó bá ń ta á yóò gun ẹṣin, yóò bá àwọn ẹlẹ́ṣin mìíràn sáré la pápá kọjá, eruku yóò sì máa sọ lálá.

Ìjàpá dúró sísàlẹ̀ igi, ó gbójú sókè.

“Ọ̀kẹ́rẹ́, àbúrò mi àtàtà, ẹṣin rẹ ńkọ́?”

“Ó wà ńlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kò tíì jinná ni. Orí kọ̀ǹpútà ńlá mi yìí nìkan ló ti ń sáré. Tí mo bá gbé e sórí fóònù, ńṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó jẹ iyán yó jù. Ẹ jẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta sí i.”

“Oṣù mẹ́ta! Òjò á ti rọ̀ nígbà náà. Ta ni yóò ráyè géèmù tó bá ti di pé kálukú gbé ọkọ́ lọ sóko?”

“Ẹ̀gbọ́n, ohun tí kò jinná, inú ló ń run ẹni tó bá jẹ ẹ́.”

“Bó bá ti dé inú onínú,” ni Ìjàpá wí, “kó máa jinná lọ níbẹ̀.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìrù bojú. Ni Ìjàpá bá yí ohùn padà, ó sọ ọ́ di jẹ́jẹ́. “Ó dára, máa ṣe iṣẹ́ rẹ lọ. Sáà yá mi ní kọ̀ǹpútà ńlá náà fún ọjọ́ kan, kí àwọn ará ìlú lè rí ohun tí ọmọ wọn ń ṣe. Wọn ò mọ̀ ọ́, ìyẹn ló ń dùn mí.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ràn ìyìn díẹ̀, bí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà sọ̀ kalẹ̀. Kó tó ṣẹ́jú, Ìjàpá ti da géèmù náà kọ sórí fóònù tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìjàpá gbé kọ̀ǹpútà náà sábẹ́ igi ọdán láàárín ìlú, ó ṣí i, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹṣin funfun kan yọ. Fìrì! Ó ti la odò kọjá. Fìrì! Ó ti fo òkìtì. Àwọn ẹranko pariwo. Ọ̀bọ tó wà lórí ẹ̀ka gbàgbé ara rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó já bọ́.

“Ta ló fẹ́ ẹ?” Ìjàpá bi wọ́n.

“Èmi!” “Èmi náà!” “Ẹ má gbàgbé tèmi o!”

“Agbọ̀n iṣu kan lẹnì kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ dé, òun ni yóò kọ́kọ́ gẹṣin.”

Ọ̀bọ ń gbọn eruku ìdí rẹ̀ nù. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò lórí fóònù tiwa ná.”

Ìjàpá mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn títí wọnú egungun. “Ọ̀bọ, o ti rí i pẹ̀lú ojú rẹ méjèèjì, ojú ọ̀hún ni o ò wá gbà gbọ́?”

Ojú ti Ọ̀bọ. Òun ló sì kọ́kọ́ sáré lọ gbé iṣu.

Ìyá Ẹtu wà lára àwọn tó ń wò. Tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá a sáré nílùú yẹn. Bó bá kọjá, koríko nìkan ní ń sọ pé ó kọjá. Ṣùgbọ́n pàkúté ọdẹ mú un lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ó bọ́ lóòótọ́, àmọ́ egungun ò tò bó ṣe yẹ, ó wá ń tiro. Nígbà tó rí ẹṣin yẹn tó ń la afẹ́fẹ́ kọjá, ọkàn rẹ̀ sọ kùlà. Iṣu jíjẹ ti tán nílé rẹ̀, èbù tó fẹ́ gbìn nìkan ló kù. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó tún rìn dé ẹnu ọ̀nà. Nígbẹ̀yìn, ó gbé èbù náà ru, ó sì gbé e wá.

“Ìjàpá, ṣé ó ń sáré lóòótọ́?”

“Ìyá Ẹtu, bí ẹ bá jókòó lórí ẹṣin yìí, ẹ ó gbàgbé pé ẹsẹ̀ kankan ti dùn yín rí.”

Ìjàpá kó agbọ̀n wọlé títí Yánníbo ò fi rí àyè dáná mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá fi géèmù ránṣẹ́ sí fóònù kálukú wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti ń gbà á, oòrùn kan àtàrí kó tó wọlé tán. Ẹkùn tẹ̀ ẹ́ pé kó bẹ̀rẹ̀. Fóònù rẹ̀ gbóná bí agbada àkàrà, ó jó o lọ́wọ́, ó jù ú sínú ìkòkò omi. Ẹṣin Ọ̀bọ fò sókè lẹ́ẹ̀kan, kò padà wálẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lófuurufú, orí sì wà níbi tó yẹ kí ìrù wà. Ti Ìyá Ẹtu dúró síbi tí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹṣin ṣẹ́jú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹṣin gbé ẹsẹ̀ kan, ó wá dà bí ẹni tó rántí nǹkan, ó sọ ẹsẹ̀ ọ̀hún kalẹ̀. Títí bátìrì fi kú, kò kúrò lójú kan.

Ìgbín nìkan ni inú rẹ̀ dùn. “Géèmù yìí mà dára o!” ló ń wí kiri. “Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹṣin àkọ́kọ́ tí kò sáré fi mí sílẹ̀ rèé!”

Wọ́n gba ilé Ìjàpá lọ. Wọ́n bá a nídìí iyán.

“Ìjàpá, ẹṣin ò rìn!” Ẹkùn bú ramúramù.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin oníbàárà mi. Ẹṣin ń rìn. Fóònù yín ló kéré.”

“Tuntun ni tèmi! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rà á!”

“Tuntun yàtọ̀ sí alágbára, Ẹkùn. Ọmọ tuntun ha lè ru igi bí?” Ó ki òkèlè sẹ́nu. “Ẹ mú sùúrù. Mo ti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn yín. Mo ń ṣe àtúnṣe sí i.”

Wọ́n mú sùúrù fún ọjọ́ mẹ́fà. Àtúnṣe dé. Ó tóbi ju géèmù fúnra rẹ̀ lọ, odidi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbà á. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹṣin ṣì dúró síbi tó wà, ṣùgbọ́n ó ti dé fìlà. Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló ya fìlà náà.

“Ìjàpá, kí lèyí?”

“Ẹ ò rí i pé ó gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni?”

Ọ̀rọ̀ náà wá di ti Ọ̀kẹ́rẹ́. Gbogbo ìlú mọ̀ pé òun ló ni iṣẹ́. Ẹni tó bá kọjá lábẹ́ igi ọsàn a pòṣé, òmíràn a sọ òkò. Ìtìjú mú un, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó yọ́ lọ sílé Ìyá Ẹtu, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ìyá mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mi ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Ìjàpá jí i gbé lórí iná kó tó jinná ni.”

“Dìde,” ni Ìyá Ẹtu wí. “Ẹni tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ òun ò tíì parí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ṣì ku oṣù mélòó kó parí?”

“Méjì àti díẹ̀.”

“Padà sórí igi rẹ. Má dá òkò lóhùn.”

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Aládùúgbò ń pọ́n ọkọ́. Ìyá Ẹtu wo àká rẹ̀ tó ṣófo, ó mú ọ̀pá, ó tiro lọ sí ààfin. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Kìnìún ránṣẹ́ pe Ìjàpá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́: Kìnìún náà ti ra géèmù yìí ní bòókẹ́lẹ́, ẹṣin tirẹ̀ ò sì gbéra. Ṣùgbọ́n ṣé ọba lè sọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì? Ó kàn ń fa irùngbọ̀n.

Ìjàpá búra. “Kábíyèsí, géèmù yìí ò lábùkù. Ṣé ẹ rí fóònù tèmi yìí? Kí Yánníbo tó gún iyán kan tán, ẹṣin mi ti sáré dópin.”

Ìyá Ẹtu kúnlẹ̀. “Kábíyèsí, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó ta á lójú gbogbo wa. Kí Yánníbo máa gúnyán. Kí ọkọ rẹ̀ má fẹnu kan nǹkan títí ẹṣin rẹ̀ yóò fi dópin.”

“Kò burú!” Ìjàpá ti dìde. “Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé kọ̀ǹpútà ńlá wá.”

“Ṣé kọ̀ǹpútà ńlá lo tà fún wa?” Ìyá Ẹtu bi í.

Ìjàpá tún jókòó.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní àgbàlá ọba. Yánníbo gbé odó síta, ó ń gún iyán, ìró odó ń dún kì, kì, kì, òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń fẹ́ wá. Ìjàpá tẹ fóònù. Ẹṣin ṣẹ́jú. Iyán jinná, ẹṣin gbé ẹsẹ̀ kan. Iyán tutù, ẹṣin sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kìíní lọ. Ọjọ́ kejì lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Ìjàpá fi orin bẹ ẹṣin, àwọn ẹranko sì ń gbè é fún un tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbè é:

Ẹṣin funfun, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀,
Kí Ahun ó lè jẹun.
Gbé ẹsẹ̀ kan, kó o sì gbé ìkejì,
Kí Ahun ó lè jẹun.
Fìlà orí rẹ, èmi ni mo yà á,
Kí Ahun ó lè jẹun.
Iyán ti ń tutù, ọbẹ̀ ti ń dì,
Kí Ahun ó lè jẹun.

Ẹṣin ò mira. Ojú fóònù ṣú dùdù.

Ìjàpá ju fóònù mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ janlẹ̀. “Èwo ni irú èyí! Aláìnítìjú wo ló ń ta irú nǹkan báyìí fún ọmọlúàbí?”

Ẹkùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ ló sì sọ ọ́.

“Fóònù rẹ ló kéré.”

“Mú sùúrù,” Ọ̀bọ wí. “Wọ́n ń ṣe àtúnṣe sí i.”

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́. Kìnìún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i díẹ̀, nítorí pé ẹṣin tirẹ̀ ti rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kò sì fẹ́ kí wọ́n dá eré náà dúró.

Ni Ìjàpá bá wólẹ̀. “Kábíyèsí, mo gbà. Kò tíì jinná. Mo mọ̀ pé kò tíì jinná kí n tó tà á.”

Kìnìún dájọ́: kí ó dá iṣu tó kù padà fún oníṣu, kí ó sì fi iṣẹ́ oko san èyí tó ti jẹ. Àwọn èbù Ìyá Ẹtu ṣì kù, àfi mẹ́rin. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Ìjàpá ló kọ ebè ní oko Ìyá Ẹtu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí Ìyá Ẹtu jókòó lábẹ́ igi, tó ń wí pé, “Èyí kò ga tó, Ìjàpá. Tún un ṣe.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Ó parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí iṣu ti ń yọ ewé, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹtu kí ẹnikẹ́ni tó rí i, ó fi í sórí fóònù àtijọ́ ìyá náà gan-an. Ìyá Ẹtu tẹ̀ ẹ́. Fìrì! Ẹṣin ti lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dára ń lu ilẹ̀ tìkì, tìkì, tìkì, bíi ti ìgbà tó ń sáré nínú koríko.

Ibẹ̀ ni mo bá wọn dé kí n tó yà sílé. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ ọn, kí eyín mi kọ iṣu tí wọ́n ń sè lórí iná yẹn.

Ṣùgbọ́n Ìjàpá ò bọ́ lọ́wọ́ ìlú mọ́. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ kú, ilé Ìjàpá ni yóò gbà lọ pé kó wá ṣàtúnṣe rẹ̀. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ilé Ìjàpá náà ni. Nígbà tó yá, bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ báyìí, á fa orí wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí ẹ bá sún mọ́ Ìjàpá, orí rẹ̀ a wọlé kíá. Ẹ má rò pé ó ń tijú yín. Ó rò pé ẹ̀yin náà ra ẹṣin ni.